Ìfẹ́, Idán àti Èdè: Ohun Tí Àwọn Ọmọ Mowe Ń Kà Lórí Fóònù

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òbí tó lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó ṣì wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn ọmọ wọn ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ ní Mowe àti Ibafo, fóònù sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Ifọ, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bọ́ọ̀lù tàbí ogun ni ọmọ ń bá ẹ̀rọ náà ṣeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àwọn mìíràn ń kàwé: ìtàn ìfẹ́ tó gùn, tó ní àwòrán àti orin, tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ sì ń yan ibi tí ìtàn yóò yà sí. Visual novel ni àwọn tó ń kà á ń pè é, ilẹ̀ Jàpáànì ló sì ti gbilẹ̀ jù.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Àwòrán ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò yọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò hàn nísàlẹ̀, òǹkàwé yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bí ìtàn bá dé oríta, ẹ̀rọ yóò béèrè ohun tí ó yẹ kí ọmọkùnrin inú ìtàn ṣe, ìdáhùn náà ni yóò sì pinnu ọmọbìnrin tí yóò fẹ́ràn rẹ̀ níkẹyìn. Tokimeki Memorial, tí ilé iṣẹ́ Konami gbé jáde ní 1994, ló sọ irú eré ìfẹ́ inú ilé ẹ̀kọ́ báyìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Jàpáànì. Lẹ́yìn náà ni idán wọ inú rẹ̀. Nínú Fate/stay night ti 2004, àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà tó jẹ́ onídán ń bá ara wọn jagun lóru, wọ́n ń jókòó sí kíláàsì lọ́sàn-án. Nígbà tí Da Capo III jáde ní 2012, London ni wọ́n gbé ilé ẹ̀kọ́ àwọn onídán inú rẹ̀ sí.

Àwọn òbí tó bá gbọ́ gbólóhùn yìí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn onídán, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba fóònù náà lójú ẹsẹ̀. Kò sì yani lẹ́nu ní agbègbè tí Redemption City àti Prayer City wà, níbi tí gbohùngbohùn ìsọ́jú-oru kì í sinmi. Ohun kan wà tí ó yẹ kí òbí ṣọ́ lóòótọ́: púpọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí, àgbàlagbà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ Fate/stay night kò yẹ ojú ọmọdé. Ọdún 2007 ni èyí tí wọ́n tún ṣe fún gbogbo ènìyàn tó jáde. Kí òbí wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára eré kí ó tó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n pé idán wà nínú ìtàn, ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀sùn. D. O. Fágúnwà, olùkọ́ tó gbẹ̀kọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ló kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Ìjọ Ọlọ́run ló ná owó ìwé tí iwin àti oògùn kún inú rẹ̀ bámúbámú, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kà á, ìgbàgbọ́ wọn kò sì tìtorí rẹ̀ wó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dunni ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ Mowe fi ń ka ìfẹ́ àwọn ará Jàpáànì, Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún kò sì gbé e dáadáa. Nínú èdè Jàpáànì, bí ènìyàn ṣe ń pe ẹnìkejì ni ìfẹ́ ṣe ń dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í dárúkọ ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ lásán. Senpai ni yóò pè é. Ọmọbìnrin tó ti ń pe ọmọkùnrin ní orúkọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àfikún ọ̀wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an láìfi nǹkan kan kún un, ọjọ́ ńlá ni. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun tí yóò fi sọ ìyẹn. Nígbà mìíràn olùtúmọ̀ á fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn á gbé e jù sẹ́yìn.

Yorùbá ní in. Senpai kò jìnnà sí ẹ̀gbọ́n, kò sì jìnnà sí Síníọ̀ tí àwọn ọmọ gírámà ń fi síwájú orúkọ ẹni tó jù wọ́n lọ ní kíláàsì. Ọmọ Yorùbá kankan kò nílò àlàyé lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín "ṣé o ti jẹun" àti "ṣé ẹ ti jẹun", ó sì mọ̀ pé nígbà tí ẹni méjì bá bọ́ láti orí ẹ sí orí o, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Ìyàwó ilé tí kì í dárúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń pè é ní Akọ̀wé tàbí Ìbàdí-àrán, mọ iṣẹ́ yìí ju òǹkọ̀wé eré ní Tokyo lọ. Ọ̀rọ̀ náà "ó" pàápàá, tí kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, lè fi ẹni tó kọ lẹ́tà ìfẹ́ pamọ́ títí di orí kẹwàá. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe bẹ́ẹ̀, yóò làágùn.

Ti idán ńkọ́? Àféèrí wà fún ẹni tó fẹ́ pòórá, egbé fún ẹni tó fẹ́ gbéra kúrò lójú ewu, gbètugbètu fún ẹni tó fẹ́ pàṣẹ. Kánàkò wà fún ẹni tó fẹ́ kí ọ̀nà jíjìn kúrú. Gbogbo ará Ibafo tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó ni ìbá sì fi orúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì yẹn. Bẹ́ẹ̀, agbára ọfọ̀ wà nínú ìró. Ọ̀rọ̀ kan ń fa èkejì nítorí pé wọ́n jọ ara wọn létí, ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Eré tí akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ yan àmì ohùn tó tọ̀nà kí ọfọ̀ rẹ̀ tó jẹ́, Yorùbá ló yẹ.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irú nǹkan báyìí ṣàjèjì. Láti 1967 ni ìwé ìròyìn Atọ́ka ti ń mú eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnká, ó ń ya fọ́tò wọn, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn lórí ìwé. Àwọn tó dàgbà ní àwọn ọdún 1970 rántí bí ẹ̀dà kan ṣe máa ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi ya. Àwòrán àti ọ̀rọ̀, ìfẹ́ àti oògùn, lédè Yorùbá, fún ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju oríta tí òǹkàwé yóò ti yan ọ̀nà àti ẹ̀rọ tí yóò gbé e lọ.

Ẹ̀rọ náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ren'Py ni orúkọ rẹ̀, ó ti wà láti 2004, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú ren'ai, tó túmọ̀ sí ìfẹ́ lédè Jàpáànì. Òun ni àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí wọ́n pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ṣe Katawa Shoujo tó jáde ní 2012. Òun náà ni wọ́n fi ṣe Doki Doki Literature Club ní 2017, tó tàn káyé láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkàwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù inú rẹ̀ kò yẹ ọmọdé. Kọ̀ǹpútà àgbéká lásán tó láti fi ṣe é, ohun tí a bá sì fi ṣe lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android. Ìṣòro kékeré kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá yóò bá pàdé: ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí lọ́tọ̀. Bí irú lẹ́tà tí eré ń lò kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, àmì náà yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Àwọn lẹ́tà Noto ti Google mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

Àwọn kan yóò ní ta ni yóò rà á. Ìbéèrè gidi ni. Tomi Adeyemi fi òrìṣà Yorùbá kọ Children of Blood and Bone ní 2018, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, Amẹ́ríkà ló sì ti kọ́kọ́ tà. Nnedi Okorafor fi Gẹ̀ẹ́sì kọ Akata Witch ní 2011, lórí ọmọdébìnrin tó ń kọ́ idán ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Owó wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí. Ìjọba pàápàá kò ran èdè abínibí lọ́wọ́: ní 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n fagi lé e. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de ìjọba lórí eré ìfẹ́. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tó, ọ̀kan tó lè kọ̀wé, ọ̀kan tó lè yàwòrán, ọ̀kan tí kò bẹ̀rù kọ̀ǹpútà, irú wọn kò sì wọ́n láàárín Ibafo àti Ifọ.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, pẹ̀lú ìran kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ọfọ̀ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ifọ, ó ń lọ kí ìyá ọmọkùnrin tó fẹ́ràn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kan ilẹ̀kùn, ìyá náà yọjú. Kí ẹ̀rọ dúró níbẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ òǹkàwé: ṣé kí ó kúnlẹ̀ kí ó tó kí wọn, àbí kí ó kọ́kọ́ pe ọfọ̀ tó kọ́ lánàá?