Èédú Nínú Ìkòkò Omi

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Tchaada, bí ẹ bá fi ọ̀bẹ irin bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, ẹ mọ̀ pé ọ̀bẹ náà yóò dúdú. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó di irin mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo ẹ̀pà, èèpo ọsàn àti èédú ṣe lè di irin, bàbà tàbí òjé tí ó ti yọ́ sínú omi mú.

Èédú tí a fi igbá àgbọn tàbí èésan ṣe dára fún iṣẹ́ yìí. Ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ni ó kún inú rẹ̀. Bí a bá fi ooru líle tún un ṣe ní iléeṣẹ́, ara ihò inú giramu 1 péré lè ju mítà onígun mẹ́rin 500 lọ bí a bá lè tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ara ihò wọ̀nyí ni irin ń lẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé kí a da èédú sínú ìkòkò omi, kí ọkàn wa sì balẹ̀. Èédú ìdáná wa kò lágbára tó ti iléeṣẹ́. Èyí tí ó lágbára pàápàá ń kún. Ọkọ̀ tí ó ti kún kò gba èrò mọ́.

Omi tí irin wà nínú rẹ̀ ń tú ara rẹ̀ fó: ó ń pọ́n, ó sì ń ba aṣọ funfun jẹ́. Òjé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi olójé lè mọ́ gaara. Bí ẹ sè é, òjé kò ní jáde. Ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń bàjẹ́. Ní Zamfara, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ọdún 2010, àwọn ènìyàn ń fọ́ òkúta wúrà nínú ilé láìmọ̀ pé òjé wà nínú rẹ̀. Ó ju 400 ọmọdé lọ tí ó kú.

Òjé wà nínú bátìrì ọkọ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí ń fọ́ ògbólógbòó bátìrì lẹ́bàá kànga, ẹ má dákẹ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Lílé e kúrò níbẹ̀ sàn ju àpò èédú mẹ́wàá lọ.

Èédú tí ó ti mu òjé ńkọ́? Òjé náà kò kú, ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi dáná, ẹ má sì dà á sí ìdí ẹ̀fọ́.