Ẹta Inú Ìjẹta

Àṣìṣe kan ti ń di àṣà nínú àwọn kíláàsì Yorùbá kan láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́. Olùkọ́ a kọ ìjẹta, ìjẹrin, èṣí àti ìdúnta sójú pátákó, a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há wọn sórí, ó parí. Bí a bá wá béèrè nínú ìdánwò pé, bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ wo ni ìjẹrin, ọmọ a rí ẹrin nínú ọ̀rọ̀ náà, a ka ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, a sì kọ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.

Èyí tó burú jù ni àlàyé tí àwọn mìíràn ń ṣe lé e lórí, pé àwọn baba ńlá wa kò mọ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ àbùkù gbáà! Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí ènìyàn dúró lé mọ́ iye ni. Òní ni ìkínní, àná ni ìkejì, ìjẹta ni ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún yìí, èṣí àti ìdúnta. Ẹ bi ìyá tó ń ná ọjà ọrún ní ilẹ̀ Rẹ́mọ: bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún gbé igbá rẹ̀ jáde, nítorí ọjọ́ ọjà méjèèjì ló kà pọ̀ tó fi pé àrún. Ìsán àti ìtàdógún kò yàtọ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ pàápàá ní ọjà tí wọ́n ń pè ní nundinae, tí ẹ̀sán wà nínú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méje péré ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì. Ta ló pe àwọn yẹn ní òpè? Láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ni Bíbélì náà kà sí ọjọ́ kẹta, ṣọ́ọ̀ṣì kò sì bá a jiyàn.

(Ọ̀túnla kò ní iye nínú ní tirẹ̀. Ó súnmọ́ ti àwọn ará Fínláǹdì, tí wọ́n kan yli, èyí tí í ṣe ‘ìrékọjá’, mọ́ huomenna, ‘lọ́la’, tó fi di ylihuomenna.)

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sá fún ìjẹrin nínú àròkọ kò lẹ́bi. Olùkọ́ ló kọ́kọ́ sá fún un. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ó gbé ìjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹta, kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí ìpajẹ fáwẹ̀lì tó bí ìjẹta. Lẹ́yìn náà kí gbogbo kíláàsì na ìka sókè, kí wọ́n kà á sẹ́yìn, kí ìka ìkínní sì jẹ́ ti òní.