Bí Fóònù Bá Dákẹ́ Nínú Igbó

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, ọmọ mi ọkùnrin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ rìn nínú Sam Houston National Forest, igbó ìjọba tó wà lápá àríwá Houston wa níbí. Wọ́n ní aago mẹ́ta ọ̀sán làwọn máa padà sídìí ọkọ̀. Aago mẹ́ta lù, aago mẹ́rin lù, a ò gbúròó wọn. Mo pe fóònù títí, kò wọlé. Nígbà tó di aago márùn-ún, ìyá rẹ̀ ní kí n pe 911. Mo gbé fóònù, ọ̀rọ̀ wá pèsì jẹ. Kí ni mo fẹ́ sọ? N kò mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọgbó. N kò mọ apá ibi tí wọ́n forí lé. N kò tilẹ̀ rántí àwọ̀ ẹ̀wù tí ọmọ mi wọ̀ jáde.

Kí n tó rí ohun kan sọ, wọ́n fi fóònù olóore kan pè wá láti ilé epo. Wọ́n ṣi ìyànà kan gbà ni, bátìrì fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti kú, torí láti àárọ̀ ni fóònù ti ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," lohun tó kọ́kọ́ sọ. Èmi gan-an ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́, torí n kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó jáde.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Nínú igbó tí kò sí ẹni tí a ó bi ńkọ́? Ọ̀nà àfẹsẹ̀rìn Lone Star tó gba inú igbó yẹn kọjá gùn tó máìlì 96. Big Bend, tí àwọn ọ̀dọ́ wa tún ń dárúkọ, ju wákàtí 8 lọ pẹ̀lú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni fóònù kì í sì í ṣiṣẹ́ rárá.

Ohun tí mo kọ́ ni pé iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, a sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni kí o mọ ibi tí o wà. Èkejì ni kí o lè jẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀.

Ní ti èkíní, fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ lè ṣe é. GPS kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì; ńṣe ló ń gba àmì láti ojú sánmà. Máàpù ló máa ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà, gbé máàpù ibẹ̀ sórí fóònù kí o tó kúrò nílé. Bí o bá ti wọgbó, fi fóònù sí airplane mode kí bátìrì má bàa tán. GPS á ṣì máa ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Mú páwà báǹkì dání. Mú máàpù oníwèé àti kọ́ńpáàsì pẹ̀lú, torí àwọn wọ̀nyí kò ní bátìrì tí yóò kú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí o: GPS ń gbà ni, kì í ránṣẹ́. Ó lè sọ ibi tí o wà fún ọ kí ó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mìíràn.

Ní ti èkejì, irinṣẹ́ mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni fóònù tó lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Láti oṣù Kọkànlá 2022 ni iPhone 14 àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti lè kọ̀wé sí àwọn agbani níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ó dára, àmọ́ ó fẹ́ ojú ọ̀run gbangba. Lábẹ́ igi páìnì tó ki, iṣẹ́ náà lè falẹ̀. Bí bátìrì bá sì kú, ó parí.

Ìkejì ni irú ẹ̀rọ bíi Garmin inReach. Ó ń kọ̀wé ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Iridium, ó sì ń gba èsì. Ọmọ lè fi sọ pé, "Dádì, a máa pẹ́ díẹ̀," kí ọkàn òbí balẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ SOS, Montgomery níhìn-ín ní Texas ni àwọn tó ń dá wọn lóhùn wà. Owó àsansílẹ̀ ni a fi ń lò ó. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé ẹ ti san án kẹ́ ẹ tó jáde.

Ìkẹta ni personal locator beacon, PLB. Òun kò ní owó oṣooṣù, kò sì mọ ju iṣẹ́ kan lọ: bí o bá tẹ̀ ẹ́, yóò máa ké pe sátẹ́láìtì fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ètò Cospas-Sarsat ló ń gbọ́ igbe náà, ètò tó gba ẹ̀mí là fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1982. Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, láti ọ́fíìsì NEMA ní Àbújá. Ẹ forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ NOAA; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ṣeré, torí èèyàn gidi ló máa dìde.

Èwo ni ká rà? Fún ìrìn ọ̀sán kan nítòsí, fóònù tó kún fún iná, máàpù àti fèrè tó. Bí ẹ bá fẹ́ sùn nínú igbó tàbí kẹ́ ẹ lọ sí Big Bend, ẹ̀rọ onísátẹ́láìtì kan fún gbogbo ẹgbẹ́ tó. Ẹ lè dáwó jọ rà á. Kí gbogbo wọn mọ bí a ṣe ń lò ó, kó má jẹ́ ẹni tó gbé e nìkan.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbé máàpù sórí fóònù. Èmi ló kù kí n máa bèèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tó tún fẹ́ lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò tíì la ẹnu tó ti lẹ ìwé kan mọ́ fìríìjì: ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé, ibi tí wọ́n máa dé, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ, àwọ̀ ẹ̀wù, aago tí wọ́n máa padà, àti aago tí mo gbọ́dọ̀ pe 911 bí n kò bá gbúròó wọn. Ìwé yẹn kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.