Ta Ló Ní Yorùbá Kò Lè De Kílọ́ọ̀ṣì?

Wọ́n ní èdè wa kò gba iṣẹ́ ẹ̀rọ. Irọ́ gbáà! Ẹ gbọ́: fi gíríìsì díẹ̀ pa kókó irin tí fọ́ọ̀kì kílọ́ọ̀ṣì ń fì lé lórí, ti fọ́ọ̀kì títí ìdè rẹ̀ yóò fi gbá kókó náà mú, kọ́ béárìn mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ó máa lọ geere lórí páìpù tó yí ọ̀pá gíà ká. Gíríìsì kò gbọdọ̀ kan àwo kílọ́ọ̀ṣì o, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Bí béárìn bá sì yẹ̀, a óò tún sọ gíà kalẹ̀.

Èwo ni Yorùbá kò lè sọ níbẹ̀? Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò ni? Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọwọ́ Faransé ló ti yá “gáréèjì”. Ọmọṣẹ́ tó fi Yorùbá kọ́ṣẹ́, kí ló dé tí a fi ń fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò?