Kì Í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Gun Igi Ni Àfòmọ́



Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo rán ọmọ awo mi lọ já àfòmọ́ lórí igi obì. Ẹrù ńlá kan ló gbé dé. Ó ní, "Baba, àfòmọ́ tí ẹ ní kí n wá nìyí, ó pọ̀ gan-an." Ohun tó gbé wá ní ọ̀pá gígùn bí ìrèké, gbòǹgbò funfun rẹ̀ sì nà sókè ṣónṣó bí abẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àfòmọ́. Síbẹ̀, ẹwà òdòdó rẹ̀ wọ̀ mí lójú, mo gbìn ín sínú ìkòkò erùpẹ̀, mo sì ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti jẹrà. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí pé mo rán ọmọ níṣẹ́ láìfi ìyàtọ̀ hàn án.

Òwe wa sì ti sọ ìyàtọ̀ náà: àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Àfòmọ́ tòótọ́ a máa wọ inú ẹ̀ka igi, a sì máa mu omi ara rẹ̀. Èyí tí mo pa ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ọ́kíìdì ni, Ansellia africana ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. John Ansell rí i ní erékùṣù Fernando Po ní ọdún 1841, John Lindley sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko náà ní 1844. Ó ń hù nínú igbó tiwa náà. Òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ní àmì tótòtó bí ara ẹkùn. Orí igi ló ń gbé, ṣùgbọ́n kì í jẹ igi. Ewé gbígbẹ tó ń já bọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń gbà dúró. Bí ewé náà bá jẹrà, ó di oúnjẹ rẹ̀.

Nínú kíláàsì gírámà mi, àfòmọ́ ni a ń pe "àì-" tí a fi mọ́ "kú" tó fi di "àìkú". "Kú" kò sọnù nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ ni a fi kún un. Bí ọ́kíìdì yìí bá jẹ́ àfòmọ́ rárá, irú ti gírámà ni: ó ń bu ẹwà kún igi, kò pa á lára.

Síbẹ̀, àgbẹ̀ ń gé e dànù lórí kòkó, awo sì ń já a lórúkọ àfòmọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, igbó òrìṣà nìkan ni igbó àgbà tó ṣẹ́ kù. Bí àwa tí a ní a ń ṣọ́ ọ bá ń tú u, ta ni a ó bá wí?

Àwọn kan yóò ní òyìnbó ló ń gbin òdòdó. Ta ló gbin pèrègún sójúbọ? Ta ló gbin akòko?

Ẹ má já a lórí igi tó dúró. Èso rẹ̀ kéré bí ẹ̀bu, kò ní oúnjẹ nínú; àfi bí olú tín-ín-tìn-ín kan bá ràn án lọ́wọ́ ni yóò fi hù nínú igbó. Èyí tí a bá hú kì í tètè ní àrọ́pò. Ẹ wá a lórí igi tí ìjì wó. Bí ẹ bá fẹ́ pín in, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà pa pọ̀. Ẹ má lo erùpẹ̀. Ẹ dè é mọ́ ara igi tí èèpo rẹ̀ le, tàbí kí ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèpo igi àti èédú. Ẹ jẹ́ kí oòrùn òwúrọ̀ ta sí i, kí ibòòji sì gbà á lọ́sàn-án. Ẹ bomi rin ín dáadáa nígbà tó bá ń yọ ọ̀pá tuntun. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ dín omi kù. Ẹ má gé gbòǹgbò tó nà sókè.

Méjì wà lára igi obì ilé mi báyìí, láti orí igi tí ìjì wó. Ibẹ̀ ni mo ń mú ọmọ awo lọ kí n tó rán an lọ já ewé.

Kí Ọ̀sanyìn má jẹ́ kí a fi ewé kan pe òmíràn. Àṣẹ.