Ìgbà Wo La Lẹ́nu Ọ̀rọ̀ Rí?

Ẹ wọ ọkọ̀ èrò láti Ọ̀jọ́ta lọ sí Ìwó Ròóòdù, ẹ jókòó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹ tan rédíò lówùúrọ̀ nígbà tí àwọn aráàlú ń pe aago wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa bá níbẹ̀: láyé ìjọ́hun, èèyàn á sọ tẹnu ẹ̀, á sì sùn sílé ara ẹ̀, lóde òní, wọ́n ti fi àgádágodo sí wa lẹ́nu. Àwọn àgbà ló ń dá orin náà, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló ń gbè é. Wọ́n ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ wà ní Nàìjíríà nígbà kan, pé ńṣe ló ń jò dànù díẹ̀díẹ̀.

Irọ́ ni. Mi ò ní nǹkan dára lónìí o. Ohun tí mò ń wí ni pé kò dára rí, àti pé ẹni tó bá gbà pé ó dára nígbà kan yóò máa wá ohun tí kò sọnù kiri.

Ìgbà wo gan-an ni wọ́n ń sọ? Ṣé ìgbà òyìnbó ni? Ọdún 1909 ni ìjọba amúnisìn ṣòfin tó sọ ọ̀rọ̀ tó lè mú kí aráàlú kórìíra ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀, torí àwọn ìwé ìròyìn Èkó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lọ́dún 1928, Herbert Macaulay gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ìròyìn tó jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Ọba Èṣùgbàyí Elékòó. Lọ́dún 1945, nígbà ìyanṣẹ́lódì ńlá, ìjọba ti West African Pilot àti Daily Comet pa, ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe ni méjèèjì. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ju Anthony Enahoro, olóòtú Daily Comet, sẹ́wọ̀n nítorí àpilẹ̀kọ tí wọ́n ló jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀.

Bí ẹ bá ní ìgbà òyìnbó kọ́, ìgbà tí ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ àwa fúnra wa ni, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí 1964.

Hubert Ògúndé, òṣèré orí ìtàgé, ti jẹ nínú ìyà òyìnbó dáadáa. Eré rẹ̀ Strike and Hunger kó o sí wàhálà ní Jos. Bread and Bullet, tó ṣe lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà ní Enugu lọ́dún 1949, tún kó o sí òmíràn ní Kano. Òmìnira dé ní 1960, èèyàn á rò pé ìyẹn ti tán. Nígbà tó di 1964, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wà lẹ́yìn rẹ̀, ní kí Ògúndé wá ṣeré fáwọn n'Ìbàdàn. Ó gbé Yorùbá Ronú lọ. Àwọn tó pè é rí ara wọn nínú eré náà, inú bí wọn burúkú. Kò pẹ́ tí ìjọba fi kéde pé ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé kò bófin mu, wọ́n sì lé e kúrò lórí ìtàgé jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ jù wà. Ó fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fèsì. Ìyẹn ò mú kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Nǹkan bí ọdún méjì ló fi wà bẹ́ẹ̀, àbí ẹ ò mọ ohun tí ọdún méjì jẹ́ fún ẹgbẹ́ tó ń fi eré alẹ́ òní jẹun ọ̀la? Ẹ wá wo ẹni tó tú u sílẹ̀: sójà ni. Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun, ló fagi lé àṣẹ náà lóṣù Kejì 1966. Olóṣèlú tí wọ́n dìbò yàn ló di òṣèré lẹ́nu, oníbọn ló ṣí i.

Ti àwọn ológun yòókù ò gba àlàyé púpọ̀. Lọ́dún 1973, wọ́n fá orí Minere Amakiri, akọ̀ròyìn Nigerian Observer ní Port Harcourt, wọ́n sì nà án lẹ́gba 24, torí pé ìròyìn tó kọ nípa ìráhùn àwọn tíṣà bọ́ sí ọjọ́ ìbí gómìnà. Lọ́dún 1984, òfin ológun tí wọ́n ń pè ní Decree 4 rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin náà ò bìkítà bóyá òótọ́ ni ohun tí èèyàn kọ. Lóṣù Kẹwàá 1986, bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa akọ̀ròyìn Dele Giwa nílé rẹ̀ n'Íkẹjà. Ti ìgbà ìjọba ológun Abacha, ẹnu ò gba ìròyìn.

Àwọn kan á wá sá lọ sẹ́yìn pátápátá, wọ́n á ní "Ọba kì í pa ọ̀kọrin." Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn bàbá wa ṣe ṣètò rẹ̀. Ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn nìkan ni gbogbo ẹnu ń tú n'Ìbàdàn, tí èébú kì í sì í dìjà. Òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin bú ọ̀bàyéjẹ́, abẹ́ ìbòjú ló sì ti ń kọ ọ́. Àyè tí wọ́n dá ọjọ́ fún, tí wọ́n fi ìbòjú bò, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ìyọ̀ǹda ni. Ilẹ̀ mọ́, ó tán.

Kí ló wá jẹ́ kí irọ́ yìí máa dùn létí wa? Ohun tó fà á ni pé ìwọ̀nba èèyàn ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń dé etí ìjọba tẹ́lẹ̀: akọ̀ròyìn, òṣèré, olórin, olóṣèlú. Àwa yòókù ń bú gómìnà nídìí ayò, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Lónìí, alágbàṣe tó ní fóònù lè kọ ọ̀rọ̀ sórí Facebook, ẹgbẹ̀rún èèyàn á ti kà á kílẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíì á sì ti ya á pamọ́ kó tó rántí pa á rẹ́. Nígbà tí wọ́n mú Thompson àti Irabor, ilé-iṣẹ́ The Guardian àti lọ́yà wà lẹ́yìn wọn. Ta ló wà lẹ́yìn alágbàṣe? Òfin kọ́ ló rìn wá bá wa, àwa la rìn wọ àgbàlá rẹ̀. Ajá tó wà níbẹ̀ ti wà níbẹ̀ látìgbà òyìnbó. Àwọn díẹ̀ tó ń wọlé tẹ́lẹ̀ nìkan ló mọ eyín rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní 2015, tí ìpín 24 rẹ̀ ń fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù méje náírà halẹ̀ mọ́ni, ọmọ tí ajá yẹn bí ni. Wọ́n tún un ṣe ní 2024, wọ́n dín ẹnu rẹ̀ kù. Ó ṣì ń bu èèyàn jẹ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Olówó kan á kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọlọ́pàá. Wọ́n á gbé ẹni tó fẹ̀sùn kàn láti ìlú tó ń gbé lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á gba fóònù ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ó di ọjọ́ Ajé kó tó rójú adájọ́. Béèlì á le, onídùúró gbọ́dọ̀ ní ilé pẹ̀lú ìwé ilé. Ẹjọ́ á wá máa sún láti oṣù dé oṣù. Kò tiẹ̀ pọn dandan kí wọ́n dá a lẹ́bi. Ìyà ti jẹ ẹ́ tán kí adájọ́ tó ṣí fáìlì. Lóṣù Kejìlá 2024, Èkó ni wọ́n ti gbé agbẹjọ́rò Dele Farotimi lọ sí Adó-Èkìtì nítorí ìwé kan tó kọ, tí àgbà agbẹjọ́rò kan ní ó ba òun lórúkọ jẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni dá ẹjọ́ ẹni tó jàre. Ẹ kàn wo bó ṣe parí: àwọn ọba alayé bẹ olùpẹ̀jọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbà. Bí ẹni tí ọba lè bá bẹ̀bẹ̀ bá ń rí báyìí, kí ni ti ọlọ́jà tí kò mọ baálẹ̀?

"Twitter ńkọ́?" Lóòótọ́, ìjọba ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà 2021 di oṣù Kìíní 2022. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Pilot ní 1945, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ fún ìjọba Nàìjíríà pé ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu. Ilé ẹjọ́ wo ni Azikiwe ì bá fa gómìnà lọ?

Díẹ̀ tí a ní lónìí, a ò jogún rẹ̀. Ẹjọ́ Arthur Nwankwo, tó kọ ìwé nípa gómìnà Anambra, ló mú kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ ní 1983. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan fi ń lu ilẹ̀kùn aṣòfin kí òfin tó fún aráàlú láyè láti béèrè ìwé ìjọba tó jáde ní 2011. Àwọn tó ń sunkún òmìnira àtijọ́ ò ṣe irú iṣẹ́ báyìí. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí ààrẹ rere tó máa dá a padà. Báwo ni yóò ṣe dá ohun tí kò gbà padà?

Wọ́n á ní, ṣé kí òpùrọ́ wá máa bani lórúkọ jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Rárá o. Ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́ lè pe onírọ́ lẹ́jọ́, kó gba owó gbà-má-bínú, kí onírọ́ sì tọrọ àforíjì níbi tó ti parọ́. Ọlọ́pàá ò níṣẹ́ níbẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè yọ ìbanilórúkọjẹ́ kúrò nínú ìwé òfin ọ̀daràn tirẹ̀ láì dúró de Àbújá. Bẹ́ ẹ bá pàdé aṣòfin yín níbi ìnáwó Sátidé, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún onílù, ẹ bi í bóyá ó tiẹ̀ mọ̀ pé ìbanilórúkọjẹ́ wà nínú ìwé òfin náà.