Ta Ni Yóò Sọ fún Ọlọ́dẹ Pé Olè Ti Lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ mọ́tò Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ẹ mọ ìṣe náà. Ọkọ̀ kò ní tíì jáde nílùú tán tí olóògùn yóò fi dìde. Oògùn kan náà ló ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà àti ẹ̀yìn ríro. Èyí tó jẹ́ tuntun báyìí ni òróró ẹja inú ìgò: "Omega ni, ọ̀tá làkúrègbé!" Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, màmá àgbà ti ra ìgò méjì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì ti gbé methotrexate tí dókítà ní kí wọ́n máa lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tì.

Rheumatoid arthritis ni tiwọn. Oríkèé ìka ọwọ́ méjèèjì wú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó lè ró ìró fúnra wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ẹ fi oògùn yín sílẹ̀?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹja ni èyí. Ẹja kì í pààyàn."

Ohun tó ká mi lára ni pé n kò lè sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Tí olè bá wọ àdúgbò, àwọn ọlọ́dẹ á fọn fèrè, wọ́n á sì tú jáde. Bí ara ṣe ń wú nìyẹn. Ọ̀rá ni ara fi ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn fèrè náà, prostaglandin. Ní 1971, John Vane fi hàn pé aspirin kì í jẹ́ kí ara ṣe é, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Diclofenac àti ibuprofen ń ṣe iṣẹ́ kan náà: wọ́n ń di ẹnu fèrè.

Nínú làkúrègbé irú ti màmá àgbà, àwọn ọlọ́dẹ kò lọ sílé mọ́. Ilẹ̀kùn onílé ni wọ́n wá ń fọ́. Ní nǹkan bí ọdún 2000, Charles Serhan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard rí àwọn mólékù kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe láti inú EPA àti DHA, ọ̀rá inú ẹja. Wọ́n pè wọ́n ní resolvin. Àwọn wọ̀nyí ni àgbà tó ń jáde síta láti sọ pé, "Ó tó, ẹ máa lọ sílé." Lára eku tí oríkèé rẹ̀ wú, wọ́n ti dín wíwú àti ìrora kù. Òmíràn tún wà, PEA, tí àwọn onímọ̀ yọ jáde ní 1957 láti inú pupa ẹyin, sóyà àti ẹ̀pà. Ẹ̀pà tí à ń jẹ mu gààrí!

Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe màmá àgbà. Kò sí oògùn resolvin kankan tí dókítà lè kọ fún wọn lónìí. Òróró ẹja máa ń dín ìrora kù díẹ̀ fún àwọn kan lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ oògùn ló ń dúró, kì í gba ipò rẹ̀. Àrùn yìí ń jẹ egungun lọ ní gbogbo ìgbà tí a bá ń dúró, methotrexate ló sì ń dá a lẹ́kun. (Owó ìgò méjì yẹn ìbá ra ẹja Títù tí a ó jẹ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.)

Ẹjọ́ wa náà wà níbẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ àṣekágbá wa: ewé, eku Wistar, carrageenan, diclofenac fún ìfiwéra, ó parí. Gbogbo wa ń wá ohun tó ń di ẹnu fèrè. Ta ló ń wá àgbà tó ń dá ọlọ́dẹ padà? FUTA ní ẹ̀ka biochemistry, ó tún ní ti ẹja. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ẹja ń ti Ìlàjẹ wọlé lójoojúmọ́. Mélòó nínú EPA àti DHA ló ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá yan ẹja tàbí tí a dín in? Akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn èyí, yóò sì wúlò fún ọlọ́jà ju ewé ogójì lọ.

Màmá àgbà ti padà sí methotrexate wọn, wọn kò sì gbà kí n da òróró náà nù. A jọ fẹnu kò pé kí wọ́n gbé ìgò náà dání lọ fi han dókítà. Mo ti kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà yàrá wọn.